Àdàbà Tó Kọ́lé Sínú Mukáyíìfù Wa

Ariwo tí mo pa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé Àlàájà tá a jọ ń gbé yàrá ju tẹ̀sùbáà ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Kí ló dé? Ṣé ọlọ́pàá ni?"

"Rárá o, Àlàájà! Wọ́n ti dé! Wọ́n ti padà dé!"

"Àwọn wo?"

"Àwọn àdàbà!"

Àlàájà wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ pa mí. Àyà mi ti já, mo ti ń wá ibi tí màá gbà sá, àṣé ẹyẹ lò ń pariwo lé lórí."

Màmá mi dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti àárọ̀ ni wọn ò ti la ẹnu, torí tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ díẹ̀, èémí á há wọn láyà. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ní, "Ṣé àwọn méjèèjì ni?"

Àwọn méjèèjì ni! Takọ tabo! Mi ò mọ ohun tí mo lè fi ayọ̀ ọjọ́ yẹn wé. Wọ́n bà lé wáyà iná tó gba iwájú fèrèsé wa kọjá. Takọ wú ọrùn, ó ń tẹrí ba, ó ń ké kúù-kú-kú, tabo ṣe bíi pé òun ò rí i, ó ń fi ẹnu tún ìyẹ́ ara ẹ̀ ṣe. Lọ́dọọdún, tí òtútù Mẹ́kà bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n máa ń wá. Tí oòrùn bá sì ti mú dáadáa, wọ́n á lọ, a ò ní rí wọn mọ́ àfi ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ lọ́dún yẹn mo ti sọ̀rètí nù. Ìjọba ti wó àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀ wa lórí òkè Nakásà, eruku ò jẹ́ ká rí ojú ọ̀run, àwọn aládùúgbò tá a jọ ń bu omi ti tú ká, ẹlòmíì ò tiẹ̀ dágbére. Mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé ẹyẹ wo ló máa wá síbi tí èèyàn ti ń kó ẹrù jáde. Wọ́n sì wá! Wọ́n tún wá!

Màmá mi wá ṣe Háájì láti Ìwó kí n tó dáyé. Bàálù tó gbé wọn wá padà lọ láìsí wọn nínú ẹ̀. Mẹ́kà ni wọ́n ti bí mi, Mẹ́kà ni bàbá mi kú sí, Mẹ́kà náà ni Màmá mi ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ní Ṣubáíkà, títí oògùn ìfọṣọ fi wọ̀ wọ́n láyà tí ò jáde mọ́. Ìkámà, ìyẹn ìwé ìgbélùú, wọn ò ní. Èmi tí wọ́n bí síbí náà ò ní. Ilé ìwé àwọn aláàánú tó wà lórí òkè wa ni mo lọ, mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, mo gba ìwé ẹ̀rí mi, mo gbé e kọ́ sára ògiri, mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò.

Ohun kan ṣoṣo ni Màmá mi ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kì í ṣe ìwòsàn o. Wọ́n fẹ́ kú sí Mẹ́kà. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbé òkú àwọn wọ inú Mọ́sáláṣí Háráámù, kí àwọn èrò kírun sí wọn lára, kí wọ́n sì sin wọ́n sílẹ̀ yẹn. Gbogbo ìrun tí wọ́n ń kí, ohun tí wọ́n fi ń parí ẹ̀ nìyẹn. Àbúrò wọn máa ń pè láti Ìwó, á ní, "Àǹtí mi, ẹ fa ara yín lé ìjọba lọ́wọ́, wọ́n á gbé yín wálé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ ká tọ́jú yín." Màmá mi á dúpẹ́, wọ́n á ṣàdúrà fún un, wọ́n á ní, "Mo ti débi tí mò ń lọ, àbúrò mi."

Nínú yàrá wa, fèrèsé kan péré ló wà, mukáyíìfù ló sì wà lójú ẹ̀. Kì í ṣe irú tàwọn olówó tó ń mú ilé tutù bíi inú fíríìjì. Àpótí irin ńlá kan ni, tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́yìn fèrèsé. Fáànù wà nínú ẹ̀, omi á máa ro sára koríko gbígbẹ tí wọ́n fi yí i ká, atẹ́gùn tó bá gba ibẹ̀ kọjá á wá tutù wọlé. A kì í tàn án nígbà òtútù. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan tó kọjú síta ti já bọ́, ibẹ̀ làwọn àdàbà gbà wọlé.

Wọ́n kọ́lé síbẹ̀! Orí mọ́tò gan-an, ẹ̀yìn fáànù! Láti inú yàrá, tí mo bá fojú lé àárín àwọn irin pẹlẹbẹ tí atẹ́gùn ń gbà jáde, mo ń rí wọn kedere, wọ́n sún mọ́ mi débi pé mo ń rí ojú wọn tó ń ṣẹ́. Ẹ gbọ́, àdàbà ò mọ ilé kọ́ rárá! Takọ á fò lọ, á mú igi tín-ín-rín kan wá, á gun ìyàwó ẹ̀ lẹ́yìn, á fi igi yẹn fún un láti òkè. Tabo á gbà á, á tì í sábẹ́ ara ẹ̀, igi á já bọ́ lódìkejì. Takọ á tún lọ mú òmíì wá, tayọ̀tayọ̀, bíi pé kò sóhun tó bàjẹ́. Nígbà tó yá, àtáṣímẹ́ǹtì tó bá ń já bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ló ń ṣà. Obìnrin Haúsá kan tí mò ń dirun fún rí i, ó di orí ẹ̀ mú, ó ní, "Háà! Ọkọ tèmi ò ra àtáṣímẹ́ǹtì fún mi rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ mi. Wo ọkọ ẹyẹ!" A rẹ́rìn-ín títí tí mo fi ya irun ẹ̀ ní wíwọ́.

Màmá mi ò lè nàró láti wò wọ́n. Èmi ni mò ń sọ ọ́ fún wọn bíi ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. "Màmá, takọ ti dé. Màmá, wáyà ló mú bọ̀ báyìí! Ó gbé e kalẹ̀. Tabo ò gbà á. Tabo ti gbà á!" Wọ́n á di ojú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, "Irú wọn náà ló máa ń wà lórí igi ọsàn lẹ́yìnkùlé bàbá mi."

Tabo yé ẹyin. Ilé burúkú yẹn, ẹyin yí bọ́ níbẹ̀, ó fọ́ sísàlẹ̀ àpótí irin. Àfi bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún mi. Àlàájà sì dìde jókòó.

"Ṣé o fọwọ́ kàn án ni?"

"Mi ò fọwọ́ kàn án, Àlàájà."

"Ṣé o fẹ́ èémí sí i?"

"Háà, Àlàájà!"

"Mò ń béèrè ni. Mi ò ní àgbò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi o."

Gbogbo ẹni tó ń gbé Mẹ́kà ló mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ilẹ̀ tó yí Háráámù ká ní ààlà, òkúta àmì sì wà níbi tó ti parí lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Láàárín ààlà yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹyẹ tí kì í ṣe ẹyẹ ọ̀sìn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lé e kúrò níbi tó jókòó sí. Ẹni tó bá pa àdàbà kan, àgbò ló máa fi san fídíyà, ìyẹn ìtanràn ẹ̀. Ẹyin tiẹ̀ ní fídíyà tiẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí ò ní ìkámà gan-an ló ń bẹ̀rù òfin yìí jù. Wọn ò pa òfin ìjọba mọ́, wọ́n á wá rọ̀ mọ́ ti Ọlọ́run bíi ẹni tó rọ̀ mọ́ okùn nínú kànga.

Àwọn àdàbà ò bá wa banú jẹ́. Wọ́n tún kó igi, takọ tún ń tẹrí ba, tabo tún yé ẹyin, méjì lọ́tẹ̀ yìí, funfun báláú, ó sì jókòó lé wọn. A gba ìyókù ààwẹ̀ Rámádánì, ó jókòó. A ṣọdún ìtùnú, ó jókòó. Tó bá di ọwọ́ ọ̀sán, ọkọ ẹ̀ á wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á jókòó tirẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn débi pé mo ń jí, orúkọ Ọlọ́run ni mo máa kọ́kọ́ pè, lẹ́yìn náà màá sáré lọ sẹ́nu irin pẹlẹbẹ yẹn.

Ooru sì dé.

Ẹni tí ò gbé lórí òkè Nakásà rí, kò lè mọ bí ooru ṣe ń wọ yàrá. Kì í gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Inú ògiri ló ti ń jáde. Ògiri tí Màmá mi sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa gbóná janjan, tó o bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, wàá yára fà á kúrò. Màmá mi ò lè sùn sílẹ̀ mọ́, wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ ti orúnkún, wọ́n ń wá èémí. Mo ń rẹ aṣọ sómi, mo ń tẹ́ ẹ lé wọn láyà, kò pẹ́ tí á fi gbẹ. Ọkùnrin ará Súdáànì tó ń ta oògùn nísàlẹ̀ òkè wá wò wọ́n. Ó mú mi jáde síta, ó ní, "Oògùn tó wà lọ́wọ́ mi ò ju èyí lọ. Ohun tó máa pa ìyá ẹ báyìí ni ooru. Ṣé ẹ ò ní mukáyíìfù ni?"

Mo ní a ní.

Ó ní, "Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Àlàájà ti ń dúró dè mí nínú yàrá. "Mo gbọ́ ohun tó sọ. Tan mukáyíìfù yẹn."

"Àlàájà, orí mọ́tò ni wọ́n wà. Fáànù á gé e sí wẹ́wẹ́."

"Ṣé mo ní kó má gé e? Ìyá ẹ ń kú, ò ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ fún mi!" Wọ́n dìde, wọ́n lọ síbi tí bọ́tìnnì wà. Ọwọ́ wọn ti kàn án.

Màmá mi sọ̀rọ̀ látorí bẹ́ẹ̀dì. "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò sí ẹ jọ̀ọ́ níbẹ̀. Èmi ni màá san fídíyà ẹ̀. Màá gbààwẹ̀ tí mi ò bá rí àgbò."

"Kì í ṣe torí àgbò." Wọ́n mí, wọ́n mí, kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. "Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, mò ń sá. Tí mo bá rí mọ́tò ọlọ́pàá, mo ń sá sẹ́yìn ilé. Tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, mò ń sá wọ ilé ìwẹ̀. Àdàbà yẹn nìkan ni mo mọ̀ ládùúgbò yìí tí ẹnikẹ́ni ò láṣẹ láti lé kúrò. Ṣé èmi ló wá yẹ kó lé e?"

Àlàájà mú ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán, ojú wọn tàn. Wọ́n ní àwọn ti rí i! Ṣebí láàárín ààlà nìkan ni òfin yẹn ti ń ṣiṣẹ́? Ṣebí gbogbo wa la máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Taníìmù lọ wọ aṣọ ìhúráámù tá a bá fẹ́ ṣe Úmúrà, torí pé ẹ̀yìn ààlà nibẹ̀ wà? Ó parí náà nìyẹn! Kí àwọn fi ìborí àwọn gbé ìtẹ́ náà tòun ti ẹyin, jẹ́jẹ́, kí àwọn wọ bọ́ọ̀sì, kí àwọn gbé e kọjá òkúta ààlà ní Taníìmù, kí àwọn rọra gbé e sórí igi níbẹ̀. "Tó bá ti kọjá òkúta yẹn, ó ti di ẹyẹ lásán. Á dà bíi adìyẹ Ìbàdàn."

Inú mi dùn sí i! Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni. Èmi àti Àlàájà jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ààfáà àwọn èèyàn wa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, ká lè gba àṣẹ. Ààfáà gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n nu ojú wọn, wọn ò fẹ́ ká rí i pé àwọn ń rẹ́rìn-ín.

"Àlàájà, tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, dandan ni kẹ́ ẹ gbé e padà wá. Tó bá kú lọ́hùn-ún, ọrùn yín ló wà."

"Ẹyin ni, kì í ṣe ẹyẹ."

"Ta ló máa sàba lé e? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa jókòó lé e ní Taníìmù?"

Àlàájà bínú kúrò níbẹ̀. Lójú ọ̀nà, wọ́n ní ààfáà yẹn kéré, àwọn mọ̀ ọ́n látìgbà tó ti ń tọ̀ sílé.

Ọjọ́ kejì ni Màmá mi dákú. Ìrun ọ̀sán ni wọ́n ń kí níjókòó, wọ́n forí balẹ̀, wọn ò gbé e sókè mọ́. Mo rò pé wọ́n ń ṣàdúrà. Nígbà tí mo fi máa mọ̀, ètè wọn ti dúdú. A da omi lé wọn lórí, Àlàájà ń fẹ́ wọn pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò, mò ń pè wọ́n, mò ń pè wọ́n. Wọ́n lajú. Tí mo bá ní a ò ronú ilé ìwòsàn, irọ́ ni mo pa, àmọ́ ẹni tí ò ní ìkámà tó débẹ̀, wọ́n á tọ́jú ẹ̀, wọ́n á sì pe àwọn tó máa wá mú un lọ. Màmá mi ti sọ fún wa pé ká má gbé àwọn débẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wọn kan wà ní Jẹ́dà, ọmọ Ìwó ni, àdúgbò Karantínà ló ń gbé, a máa ń pè wọ́n ní Àǹtí Karantínà. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé Màmá mi dákú, wọ́n pè lórí fóònù. "Ẹ gbé e wá bá mi. Inú yàrá mi tutù, mukáyíìfù mi kì í ṣe ti olómi. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀, a ó fún ara wa láyè."

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn yé gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹ wò tó o bá ń jáde kúrò ní Mẹ́kà. Tó o bá ń padà bọ̀ láti Jẹ́dà ni wọ́n máa dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n á ní kí kálukú mú ìwé ẹ̀ wá. Àwọn awakọ̀ kan mọ bí wọ́n ṣe ń fọgbọ́n gbé èèyàn kọjá. Nígbà míì ó máa ń ṣeé ṣe, nígbà míì kì í ṣeé ṣe.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n tan mukáyíìfù. Kí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ jẹ́ tèmi. Mo fẹ́ràn wọn ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn wọn lọ, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ní kí n pa wọ́n. Ṣé ẹ ò fẹ́ kú síbí mọ́ ni?"

Wọ́n gbá mi léjìká, kò dùn mí, wọn ò lágbára. "Màá padà wá. Ẹyin wọn ò ní pẹ́ pa. Tí àwọn ọmọ bá ti fò, ẹ tàn án, kí ilé tutù, kẹ́ ẹ ní kí awakọ̀ wá gbé mi. Ìwọ dúró tì wọ́n. Má jẹ́ kí Àlàájà fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn."

Àlàájà ní, "Mo gbọ́ o. Mo wà níbí."

Awakọ̀ tó wá jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Jẹ́dà, Lárúbáwá lèdè ẹnu ẹ̀, Yorùbá ẹ̀ ò ju ìkíni lọ. A gbé Màmá mi sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ọ̀nà òkè wa ò gba mọ́tò. Èrò ti kún inú mọ́tò náà, wọ́n súnra mọ́ra. Màmá mi ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ Háráámù kọjá kí àwọn lè rí àwọn òpó gígùn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Ọlọ́pàá, Màmá. Pọ̀ níbẹ̀. Yàllà, yàllà, ká lọ." Ó ti ilẹ̀kùn. Mo rí ọwọ́ Màmá mi lára gíláàsì. Mọ́tò lọ.

Ẹ má bínú sí mi fún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òótọ́ ni. Kò sígbà kankan tí inú mi dùn láyé mi tó ìgbà tó tẹ̀ lé e.

Ẹyin pa! Mo jí láàárọ̀, mo fojú lé irin pẹlẹbẹ, èèpo ẹyin wà létí ìtẹ́, tabo ṣí àyà díẹ̀, mo sì rí ohun pupa kan tó ní irun ofeefee ṣákaṣàka, ojú ẹ̀ dí, ó burẹ́wà bíi ẹ̀ṣẹ̀! Mo pe Jẹ́dà. "Màmá! Ó ti pa! Ìkan ti pa!" Mo gbọ́ ohùn wọn, ó ti là ju bí mo ṣe gbọ́ ọ kẹ́yìn lọ, òtútù yàrá Àǹtí Karantínà ti ràn wọ́n lọ́wọ́. "Ìkejì ńkọ́?" Ìkejì pa lọ́jọ́ kejì. Mo tún pè. Àtìgbà náà ni mo ń pè ní gbogbo ìgbà tí owó bá wà lórí fóònù mi. Àwọn ọmọ ń ki orí bọ òbí wọn lẹ́nu, wọ́n ń mu nǹkan bíi wàrà níbẹ̀. Wọ́n lajú. Ìyẹ́ yọ lára wọn bíi ẹ̀gún, lẹ́yìn náà ó tú bíi òdòdó. Èyí ńlá ń tẹ èyí kékeré mọ́lẹ̀. Àǹtí Karantínà á gba fóònù, wọ́n á ní, "Ṣé ẹyẹ náà lẹ tún ń sọ? Ìyá ẹ ti sọ fún gbogbo Karantínà. Àwọn obìnrin tó ń gbé òkè wa ń bi mí láàárọ̀ pé ṣé wọ́n ti fò."

Èmi àti Àlàájà ò sinmi lọ́wọ́ ooru. Ara Àlàájà ń ta, wọ́n ń lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí lọ́sàn-án, wọn ò ráhùn sí mi létí lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn lẹ́nu irin pẹlẹbẹ. Wọ́n ń bá àwọn ọmọ ẹyẹ wí: "Ẹ jẹun kíá. Ẹ yára dàgbà. Ẹ̀ ń fi nǹkan ẹlòmíì ṣeré."

Wọ́n fò! Èyí ńlá ló kọ́kọ́ lọ, ó dúró lẹ́nu ihò yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó ń na apá, ó ń ká a, bàbá ẹ̀ wà lórí wáyà ó ń pè é. Ó fò, ó fẹ́ẹ̀ jábọ́, ó bà lé wáyà! Èyí kékeré ronú títí di ìrọ̀lẹ́ kó tó tẹ̀ lé e. Mo ń sunkún, mò ń fò sókè, mo gbá Àlàájà mọ́ra. Mo pe Màmá mi. "Wọ́n ti fò! Àwọn méjèèjì! Wọ́n wà lórí wáyà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tò síbẹ̀!" Màmá mi ké Alihamudulilaahi, wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn látìgbà tí mo ti wà nílé ìwé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn. Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, wọ́n ní, "Ó yá. Ẹ wá gbé mi."

A fọ mukáyíìfù. A bu omi sí i. A tàn án, eruku àti ìyẹ́ fẹ́ kún yàrá, lẹ́yìn náà atẹ́gùn tútù dé. Mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá mi. Mo pe awakọ̀.

Awakọ̀ ní, "Màfíì." Kò sí. Mo ní báwo ni kò ṣe sí. Ó pe ẹnì kan tó gbọ́ Yorùbá jù ú lọ kó bá mi sọ ọ́. Ẹni yẹn ní, "Ṣé ẹ ò mọ oṣù tá a wà ni? Wọ́n ti ti ọ̀nà Mẹ́kà fún Háájì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkámà mọ́, ẹni tó ní ìkámà Jẹ́dà gan-an, wọ́n ń dá a padà tí ò bá ti ní ìwé àṣẹ Háájì. Mọ́tò tí wọ́n bá bá ẹni tí ò níwèé nínú ẹ̀, wọ́n á gba mọ́tò náà, wọ́n á ti awakọ̀ mọ́lé. Kò sẹ́ni tó máa gbé e. Ẹ ní sùúrù di ẹ̀yìn Háájì."

Àwa! Àwa tí Háájì gbé wá sí ìlú yìí! Ọ̀rọ̀ ẹyin, ọ̀rọ̀ ìyẹ́, ọ̀rọ̀ àdàbà tó fò àti èyí tí ò tíì fò la ń sọ, kò sẹ́nì kan nínú wa tó rántí oṣù Háájì. Àlàájà jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ìborí bojú.

Mo sọ fún Màmá mi lórí fóònù. Mò ń gbọ́ èémí wọn. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ ẹyẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń jẹun fúnra wọn?"

Mo ní wọ́n ti ń jẹun fúnra wọn.

Nígbà tí Àǹtí Karantínà pè pé Màmá mi ò jẹun mọ́, mo wọ mọ́tò lọ bá wọn. Mo mọ̀ pé mi ò ní lè padà. Àlàájà bá mi di ẹrù, wọ́n ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ," wọ́n sì wọlé kí mọ́tò tó lọ. Mọ́tò sáré kọjá lábẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wo ìwé. Ní ọ̀nà tiwa, kò sẹ́ni tó bojú wò wá. Ní òdìkejì, mọ́tò tò lọ rẹrẹẹrẹ, àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀ wọ́n dúró sínú oòrùn.

Yàrá Karantínà tutù lóòótọ́. Màmá mi ti tín-ín-rín lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ náà kúrò níbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní kí n ròyìn bí èyí kékeré ṣe fò, torí mo sáré sọ ọ́ lórí fóònù, kò yé àwọn dáadáa. Mo ròyìn ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo na apá mi, mo ká a, mo ṣe bíi ẹyẹ láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì, àwọn obìnrin inú yàrá ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, inú wọn dùn. Mo ń ròyìn ẹ̀ lójoojúmọ́.

Màmá mi kú kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà Mẹ́kà, láàárọ̀, mo ń lọ́ omi gbígbóná lọ́wọ́. Mo bẹ ààfáà Karantínà, mo ní ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè gbé wọn lọ sí Mẹ́kà, òkú ni, òkú ò nílò ìwé. Wọ́n ní òkú gan-an nílò ìwé. Àwọn obìnrin wẹ̀ wọ́n, mo wà níbẹ̀, mo bu omi. Wọ́n gbé wọn lọ sí mọ́sáláṣí kan ládùúgbò, wọ́n kírun sí wọn lára, àwọn obìnrin kì í bá wọn dé itẹ́ òkú, mo dúró sílé.

Ọwọ́ ọ̀sán làwọn ọkùnrin tó lọ sìnkú padà dé. Iyanrìn Jẹ́dà wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó wà lápá aṣọ wọn. Wọ́n béèrè omi, mo bù ú fún wọn.